Ilá Tí Wọ́n So Àkísà Mọ́

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Kì í ṣe èèyàn, kì í ṣe oúnjẹ. Ilẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jí ní Ìwó, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní, mo ń retí kí abẹ́ ẹsẹ̀ mi mì díẹ̀ bó ṣe máa ń mì nílé wa. Kò mì. Mo gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀, ó dúró gbagidi bí ohun tó ti kú. Mo bá jókòó padà. Mo ní, ṣé orí òkú nǹkan báyìí ni n ó máa rìn títí ọjọ́ ayé mi?

Ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́ yìí, orí ilẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí, o ò lè mọ̀ ọ́n. Etí òkun ni wọ́n bí èmi sí, lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Orí òpó igi nilé wa wà. Omi lábẹ́, omi lẹ́yìn, omi níwájú. Pákó la fi ń ṣe ọ̀nà láti ilé kan sí èkejì. Bí ọkọ̀ bá gba abẹ́ ilé kọjá, gbogbo ilé á gbọ̀n jẹ́jẹ́, ọmọ tó ń sunkún á sùn lọ. Ewúrẹ́ tí mo rí láyé mi kí n tó di ìyàwó kò ju mẹ́ta lọ.

Bàbá ńlá rẹ ló wá ń ránṣọ lágbègbè wa, ibẹ̀ la ti pàdé. Bí a ṣe rìn ín dé Ìwó kò ní kí n sọ. A rìn, a dé. Òyìnbó ló ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Wọ́n ní ìlú kan náà ni gbogbo wa, lábẹ́ ọba kan náà. N kò gbà. Ẹni tó bá lọ sí ìlú òyìnbó lẹ̀ ń pè ní ará òkè òkun. Èmi tí mo ti ojú òkun bọ̀, Ìwó gan-an ni òkè òkun tèmi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu pọ̀. Omi tí mo ń sùn lé lórí nílé, mo wá ń ru ìkòkò lọ wá a kí ojúmọ́ tó mọ́. Eruku pupa wọ inú irun mi, ó wọ inú ọbẹ̀. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ pe ọmọ kankan tí mo bá nínú ilé lórúkọ, títí kan èyí tí kò tíì lè rìn. Àfi kí n fún kálukú ní orúkọ mìíràn, kí n sì kúnlẹ̀ kí wọn. Ọmọ ọdún méjì kan wà tí mo ń pè ní Akọ̀wé. Akọ̀wé yìí ló máa ń tọ̀ sí mi lára.

Àmọ́ oko ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹja, o ju àwọ̀n lónìí, o fà á lónìí. Bó sí, o rí i. Bí kò sí, o mọ̀. Àwọn ará Ìwó gbé ohun tí wọn ì bá jẹ, wọ́n sin ín, wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n sì padà sílé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ń wò wọ́n. Mo ní, ta ló sọ fún wọn pé yóò jáde?

Bàbá ńlá rẹ kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kó tó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá Olúpọ̀nnà ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, torí pé Olúpọ̀nnà ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá. Obìnrin kúkurú, dúdú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn, létí odò kékeré kan lójú ọ̀nà Kúta.

Wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mo mọ ẹja yan, Ìyá. Mo mọ àwọ̀n tún ṣe. Mo mọ ọkọ̀ wà."

Wọ́n wo àgbàlá, níbi tí adìyẹ ti ń wa eruku. Wọ́n ní, "Ó dáa. Lọ́la a jọ ń lọ sóko."

Ìyá Ràṣídá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní, "Ọmọ Ẹja, ṣé o ò ní gbẹ lóko?" Orúkọ tó sọ mí nìyẹn. Ó lẹ̀ mọ́ mi.

Nígbà tí a dé oko, Ìyá Olúpọ̀nnà bu irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó kéré, ó dúdú, ó ń dán bí ojú edé. Wọ́n ní kí n fọ́n ọn sórí ebè, wọ́n lọ pọnmi. Kò sẹ́ni tó fi fífọ́n hàn mí rí. Jíjù ni mo mọ̀. Mo fẹsẹ̀ tì, mo yí ìbàdí, mo jù ú bí àwọ̀n. Àwọ̀n a máa là lójú afẹ́fẹ́. Irúgbìn kò là. Ó bọ́ sójú kan.

Lọ́jọ́ karùn-ún ó hù. Ó hù pọ̀ sójú kan bí irun orí ọmọ tuntun, ìyókù ebè sì pá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó pọ́n, ó dùbúlẹ̀ léra lórí. Ìyá Olúpọ̀nnà wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n bu yanrìn gbígbẹ sínú igbá, wọ́n da irúgbìn tuntun pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n rò ó.

Wọ́n ní, "Fi orí ìka fọ́n ọn. Máa ṣe bíi pé yanrìn lò ń gbìn. Irúgbìn á bá a lọ."

Èyí hù dáadáa. Mo wá rí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn ń pa wọ́n, ewé wọn ti rọ̀. Àánú ṣe mí. Mo sáré bu omi, mo da á lé wọn lórí gbàà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kú.

Ìyá Olúpọ̀nnà fi ìka kan gbé ewé kan. Wọ́n ní, "O sè é. O sè é láì dáná."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kùtùkùtù ni tàbí ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀, àti pé igbá tí wọ́n dá lu kéékèèké ni wọ́n fi ń wọ́n omi, kó máa rọ̀ bí òjò. Mo tún kó ìgbẹ́ adìyẹ tútù sídìí wọn, ó jó wọn. Ìyá ní ó yẹ kó kọ́kọ́ pẹ́ nílẹ̀ kí ooru rẹ̀ lọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń ṣe ohun kan, lójoojúmọ́ ni ẹ̀fọ́ ń kú. Ẹnu ń yà mí. N kò mọ̀ pé ohun tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára lè bínú tó bẹ́ẹ̀.

Àṣà kan wà tí Ìyá ní. Wọ́n á ní kí n ki ìka bọ ilẹ̀, kó wọlé dé oríkèé kejì. Wọ́n á ní, "Kí ló sọ?" Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń da wọ́n láàmú. Àmọ́ mo ń kì í bọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, mo rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi máa ń ki ọwọ́ bọ omi kó lè mọ ibi tí ìṣàn ń lọ. Ọjọ́ kan mo dáhùn. Mo ní, "Ó ní òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ ò gbẹ. Ó ní ká fi òun sílẹ̀ di ọ̀la." Ìyá gbé igbá omi wọn, wọ́n dà á padà sódò.

Ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ wá mú, tí gbogbo obìnrin etí odò ń pọnmi títí ọrùn wọn fi ń dùn wọ́n, mo mú ọkọ́, mo la ojú omi tóóró láti apá òkè, mo yí i gba ẹ̀yìn òkúta, mo darí rẹ̀ wá sáàárín ebè wa. N kò mọ ilẹ̀, àmọ́ mo mọ ibi tí omi bá ń fẹ́ lọ. Tẹ̀tẹ̀ wa dúró, tiwọn rọ. Mo tà á tán lọ́jà Odò-Orí kí oòrùn tó gòkè. Lálẹ́, mo gbọ́ tí Ìyá ń sọ fún Ìyá Ràṣídá lẹ́yìn ògiri pé, "Ọmọ yìí mọ omi." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Mo fi bora sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mú fóònù, tẹ́ ẹ ń rí ojú ara yín lórí rẹ̀, ẹ ò mọ irú fóònù tí mo ní. Ìyá Mẹ́rì ni fóònù mi. Ará ọ̀dọ̀ wa ni, ó máa ń gbé ẹja yíyan wá sí Odò-Orí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí òjò ò bá ba ọ̀nà jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo bá rán an lóṣù yìí, oṣù tó ń bọ̀ ni n ó gbọ́ èsì rẹ̀. N ó jókòó ti agbọ̀n rẹ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ ra ẹja. Òórùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Àwọn oníbàárà á máa wò mí bíi wèrè.

Ó ní, "Ìyá rẹ ní ṣé o ti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí ilẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti ń rìn."

Ó ní, "Ìyá rẹ ní wọ́n sọ pé àgbẹ̀ lo dà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kí ni ọwọ́ rẹ ti hù tí òun lè fojú rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Tẹ̀tẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ wa láì tí ì jẹrà. Mo ń ro ohun tí mo lè fi ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilá ti wọlé.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Ìyá Olúpọ̀nnà gun àpótí, wọ́n já ìdì ilá gbígbẹ kan sílẹ̀ lókè àdìrò, níbi tí èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Wọ́n là á, hóró rẹ̀ ń ró nínú igbá. Wọ́n ní ká rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ká gbìn ín mẹ́ta-mẹ́ta sójú ihò, kó má jìn ju oríkèé ìka kan lọ.

Wọ́n ní, "Ìyá mi ló so ilá yìí mọ́ mi ní etí aṣọ lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ nílé ọkọ. Ìyá tiwọn ló fún àwọn náà. Kò ga, kò léwé púpọ̀, àmọ́ kò sí ilá tó ń fà tó o nílẹ̀ yìí. A kì í fi fún ará ìta. Ọmọ obìnrin ilé ló ń gbé e lọ."

Mo ní, "Ta ló máa wá gbé tiyín lọ, Ìyá?"

Wọ́n ń fi ìka rò ó nínú igbá. Wọ́n ní, "Ọkùnrin márùn-ún ni mo bí."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ. Síbẹ̀, kí wọ́n tó bomi sí i, mo ti bu bí ogún hóró sí etí ìró mi, mo dì í. Ìgbà tí Ìyá Mẹ́rì dé, mo fi rán an sí ìyá mi. Olè ni mo jà. Má wò mí bẹ́ẹ̀, kọ ọ́.

Ilá Ìyá so. Àwọn fúnra wọn ló ń ká a, torí pé irun ara rẹ̀ ń yún mi, apá mi á wú bíi pé agbọ́n ta mí. Tẹ̀tẹ̀ ni mo ń bójú tó, ilá ni tiwọn. N kò wo bí wọ́n ṣe ń ká a rí.

Ìgbà tí ilá ń lọ sópin, orúnkún Ìyá wú. Wọn ò lè dìde. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bá mi ká ilá, kó o gbé e lọ sọ́jà."

Mo fi aṣọ wé ọwọ́, mo lọ. Mo rí i pé Ìyá ti so àkísà mọ́ igi ilá bíi méjìlá. Ilá ara wọn tóbi! Ó gùn, ó ki, ó le dáadáa lọ́wọ́. Àwọn tí kò ní àkísà, ilá ara wọn kéré bí ìka ọmọdé. Inú mi dùn. Nílé wa, agbọ̀n tí wọ́n bá so àkísà mọ́ ni agbọ̀n ẹja tó dára jù, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọjà. Mo ní, Ìyá yìí fẹ́ràn mi o, wọ́n ti sàmì sí i kí n má baà ṣì í mú. Mo gé gbogbo ilá alákìísà. Àwọn kéékèèké, mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dàgbà, bí a ṣe ń dá ẹja kékeré padà sómi. Mo gbé agbọ̀n rù, ó wúwo, ọwọ́ mi méjèèjì di í mú. Mo jáde lọ́gbà.

Lọ́jà, mo to àwọn tó tóbi jù sókè. N kò tíì jókòó tán tí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi pariwo.

"Ẹ wá wo ilá! Ìyàwó, ṣé igi ìdáná lo kó wá ni?"

Òmíràn ní, "Má dá a lóhùn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń tà á fún."

Oníbàárà kan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ ṣóńṣó orí rẹ̀. Ó tẹ̀, kò ṣẹ́. Ó mú ọ̀kan lára ti obìnrin kejì, ó tẹ orí rẹ̀, ó dún pẹ́! Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ìyẹn? Èyí tó bá dún là ń jẹ. Tìrẹ yìí, eyín ta lo fẹ́ fi run ún?" Ẹnì kan mú méjì, ó ń lù wọ́n mọ́ra, kó-kó-kó, gbogbo ìsọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá kan tó ń bọ́ àgbò Iléyá ló kó o fún àgbò rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni mo fún un.

Mo délé, mo kúnlẹ̀. Ìyá tẹ́sẹ̀ sórí ẹní, Ìyá Ràṣídá ń fi omi gbígbóná wọ́ orúnkún wọn.

"Ṣé ó tà?"

"Kò tà, Ìyá. Wọ́n ní ó ti le."

"Ilá wo lo ká?"

"Èyí tí ẹ so àkísà mọ́."

Ìyá Ràṣídá jọ̀wọ́ aṣọ sínú omi. Ó ní, "Yéè! Irúgbìn!"

Ojú Ìyá kò kúrò lójú mi. Mo rí i tí nǹkan kan ń lọ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Irúgbìn ni, ìyàwó. A fi sílẹ̀ kó gbó, kó gbẹ. Èyí tó wà lókè àdìrò, a ti gbìn ín tán." Wọ́n ní, "Àwọn kéékèèké ń kọ́?"

Mo ní, "Wọ́n wà níbẹ̀! N kò fọwọ́ kàn wọ́n!"

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ìyẹn náà la ó fi sílẹ̀ kó gbó." Wọ́n ní ká fún àwọn lọ́pàá. Tòun ti orúnkún wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí i.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí a fi débẹ̀. Ọgbà ṣí sílẹ̀. Èmi ni mo ṣí i, n kò tì í. Lójú omi tí wọ́n bí mi sí, kí lèèyàn ń ti ọgbà mọ́? Ewúrẹ́ márùn-ún ló wà nínú ilá, wọ́n ń jẹun bí ẹni tí wọ́n pè. Kò sí ewé, kò sí ilá kékeré, kò sí orí igi. Kùkùté ló kù, àkísà sì wà lára àwọn mìíràn níbẹ̀.

Ìyá Olúpọ̀nnà kò lé ewúrẹ́. Èmi ni mo lé wọn, mo ń sunkún, mo ń sọ òkò. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n tú àkísà kan, wọ́n ń wé e mọ́ ìka wọn.

Wọ́n ní, "Ìyá mi ló fún mi."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nìyẹn. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ara ì bá tù mí.

Láti ọjọ́ náà wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àfi "Ìyàwó, omi," "Ìyàwó, gbálẹ̀." Ìyá Ràṣídá ló wá bá mi lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti ń fọṣọ. Kò pè mí ní Ọmọ Ẹja lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wúwo.

Ó ní, "Bí ọkọ rẹ bá dé fún Iléyá, wọ́n ní kó mú ọ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá fúnra wọn. Wọ́n ní ilẹ̀ ò mọ̀ ọ́."

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Láti ọjọ́ kìíní tí ilẹ̀ kò ti mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni mo ti ń wá ẹni tó máa sọ fún mi pé kí n máa lọ. Ó wá sọ ọ́, mo wá jókòó ti ọpọ́n ìfọṣọ. Mo ń ro ebè tẹ̀tẹ̀ mi. Ta ni yóò mọ ìgbà tí òkè gbẹ, tí ìsàlẹ̀ ò gbẹ? Ta ni yóò dí ojú omi yẹn nígbà tí òjò bá pọ̀ jù? Mo ń ro Akọ̀wé, ẹni tí yóò máa tọ̀ sí lára. Ẹnu ya èmi fúnra mi. Ìgbà wo ni mo fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ tí n kò mọ̀?

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí mo lè ṣe, ohun náà sì lè mú kí wọ́n lé mi kí Iléyá tó dé. Mo gbé e sínú fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, bí Ìyá ṣe kírun àárọ̀ tán, tí wọ́n ṣì jókòó lórí awọ, mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn.

"Ìyá, mo jí nínú ilá yín nígbà tí a fẹ́ gbìn ín."

Wọn ò yíjú padà. "Hóró mélòó?"

"Bí ogún."

"Níbo ló wà?"

"Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi."

Wọ́n wá yíjú. "Lórí omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sí ayọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "O jí ilá mi, o fi bọ́ ẹja." Wọ́n ká awọ wọn. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni ẹlẹ́ja yẹn ń bọ̀?"

"Kí Iléyá tó dé, bí ọ̀nà bá dára."

"Ká máa wò ó."

Mò ń wò ó. Láti ìgbà tí Ìyá Mẹ́rì ti gbé ilá náà lọ, oṣù mẹ́rin ni òjò kò fi jẹ́ kó wá, n kò gbọ́ bó ṣe dé ọ̀hún. Àmọ́ mo mọ àwọn ará ilé mi. Bí ilá bá hù lọ́dọ̀ wọn, ìkòkò ni yóò bá a lọ. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹja sílẹ̀ fún irúgbìn níbẹ̀. Òkun ló ń bímọ fún wọn. Mo ń ki ìka bọ ilẹ̀ lójoojúmọ́, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́.

Ọjọ́ ọjà tí a gbọ́ pé Ìyá Mẹ́rì ti dé, Ìyá Olúpọ̀nnà ní àwọn ń bá mi lọ. Ọ̀pá lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ìyá Mẹ́rì rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó nàka sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ìyá rẹ ń bínú sí ọ o!"

Mo ní, "Kí ni mo ṣe?"

"Irú ilá wo lo fi ránṣẹ́ sí i? Ó gbé ọkọ̀ bàbá rẹ tó ti lu wá, ó bẹ gbogbo ọlọ́kọ̀ pé kí wọ́n bá òun gbé ilẹ̀ bọ̀ láti ìlú òkè. Ilẹ̀! Wọ́n ń gbé ilẹ̀ wá fún un nínú apẹ̀rẹ̀, gbogbo abúlé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kún ọkọ̀, ó gbìn ín, ó hù, ó so. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ká a, á gbá a lọ́wọ́. Ó ní ó ṣì kéré, ẹ jẹ́ ó dàgbà. Ó dàgbà. Ó wá sè é, ọ̀rẹ́ mi, láti àárọ̀ di ọ̀sán! Igi ìdáná tán, ilá ò rọ̀. Ó pe aládùúgbò wá jẹun, eyín bàbá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ká."

Mo wo Ìyá Olúpọ̀nnà.

Mo ní, "Ìyókù ń kọ́? Ṣé wọ́n dà á nù?"

"Ta ni yóò da ohun tọ́mọ ẹ̀ fi ránṣẹ́ nù? Ó fi í sílẹ̀ lórí igi títí ó fi gbẹ, ó wá so ó kọ́ sókè téńté lórí àjà tó fi ń yan ẹja. Ó ní kí n kó o padà fún ọ, kó o lọ jù ú lu ẹni tó tà á fún ọ, torí pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ."

Ó ki ọwọ́ sísàlẹ̀ agbọ̀n ẹja, ó fa ìdì kan yọ. Ilá gbígbẹ, ó dúdú fún èéfín, okùn àwọ̀n ni wọ́n fi dì í. Ìyá Olúpọ̀nnà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kàn án. Wọ́n gbé ọ̀kan sétí, wọ́n mì ín. Ó ń ró ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́. Wọ́n gbé e símú.

Wọ́n ní, "Ẹja ló ń rùn." Wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ìyá rẹ pé òkè èéfín là ń so ó kọ́ sí?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, Ìyá. Ibi tí wọ́n ń so ohun tó bá ṣeyebíye kọ́ sí nìyẹn."

Wọ́n jókòó sórí àpótí Ìyá Mẹ́rì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi lọ̀ wọ́n. Èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín gidi, omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìyá àti ọmọ! Kò sí ọ̀kan tó mọ ìgbà tí wọ́n ń ká ilá nínú yín!"

Bàbá ńlá rẹ dé fún Iléyá, ó ti gbọ́ lọ́nà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní kí n di ẹrù mi. Ìyá rẹ̀ ní, "Gbé àpò rẹ sílẹ̀, jẹun. Ìyàwó ní iṣẹ́ lóko."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá pè mí sínú yàrá. Wọ́n ti la gbogbo ilá náà, wọ́n pín hóró rẹ̀ sọ́nà méjì. Ọ̀kan, wọ́n ní a ó gbìn ín sójú òjò tó kù. Ìkejì, wọ́n dà á sínú àkísà kan tó ti ṣá, mo mọ àkísà náà, èyí tí wọ́n wé mọ́ ìka lọ́jọ́ ewúrẹ́ ni. Wọ́n dì í. Wọ́n fa ìró mi sọ́dọ̀, wọ́n so ó mọ́ etí rẹ̀, wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà tú.

Wọ́n ní, "Fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n tètè máa ká a."

N kò lè gbé orí mi sókè. Ọwọ́ wọn ṣì wà lára kókó aṣọ yẹn. Kí n tó dìde, wọ́n ní, "Ọmọbìnrin mi, ti ọgbà tó o bá ń jáde."